Ẹ̀kọ́ Fún Àwọn Alágbàtọ́: Ìkòkò Kan Fún Gbogbo Ilé, Nígbà Tí Ara Ọmọ Kò Bá Gba Oúnjẹ Kan

   

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe lórí owó ilé-ìwé tàbí aṣọ ọdún. Ìdí ìkòkò ọbẹ̀ ni a fẹ́ dúró sí. Àwọn ọmọ kan wà tí ara wọn kò gba ẹ̀pà. Ti ẹlòmíràn ẹyin ni, ti ẹlòmíràn mílíìkì, ẹja tàbí edé. Àlẹ́jì ni àwọn dókítà ń pè é, ọ̀pọ̀ nínú wa náà sì ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí a fi ń bá alágbàtọ́ sọ ọ́ ni pé nínú ilé tí ìyá wà láàyè, ìyá ló mọ̀. Ó mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún ọmọ yìí ní ẹyin, ojú rẹ̀ wú. Kò kọ ọ́ sí ibì kankan, inú orí rẹ̀ ni ó tọ́jú rẹ̀ sí. Tí Ọlọ́hun bá wá gba ẹ̀mí rẹ̀, ìmọ̀ yẹn bá a wọ sàréè. Wọ́n á kó aṣọ ọmọ sínú báàgì, wọ́n á mú un lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tàbí ilé ìyá àgbà, kò sì sí ẹni tí yóò bá wọn sọ pé ọmọ yìí kì í jẹ ẹyin. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò lè ṣàlàyé ara rẹ̀. Ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe kò ju kí ó ti àwo sẹ́yìn lọ. Tí ó bá sì tì í sẹ́yìn, àwọn ará ilé á ní ó ń ṣe àṣejù, wọ́n á ní ọmọ tí kò ní ìyá kò ní bàbá ń ṣa oúnjẹ jẹ. Ọmọ òrukàn kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní aláìmoore. Nítorí náà, yóò jẹ ẹ́. Ibẹ̀ ni ewu wà.

ORÍṢI MÉJÌ NI

Kí á kọ́kọ́ mọ̀ pé kí ara má gba oúnjẹ kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Àlẹ́jì gan-an jẹ́ iṣẹ́ àwọn ọmọ-ogun tí Ọlọ́hun fi sínú ẹ̀jẹ̀ wa láti bá àìsàn jà. Nínú ara ọmọ tí ó ní àlẹ́jì, àwọn ọmọ-ogun yìí ṣi ẹ̀pà tàbí ẹyin mú fún ọ̀tá, wọ́n sì dojú ìjà kọ ọ́. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí méjì lẹ́yìn tí ó jẹ ẹ́, ara lè máa yún un, kí ó lé wúruwùru, kí ètè àti ìpéǹpéjú rẹ̀ wú, kí ó máa bì, kí ó máa wúkọ́, kí èémí rẹ̀ máa dún bíi ti oní-asthma. Kò nílò kí ó jẹ ẹ́ yó. Fún àwọn ọmọ kan, èyí tí ó lẹ̀ mọ́ ara ṣíbí ti tó.

Oríṣi kejì ni èyí tí inú kò lè da oúnjẹ náà. Mílíìkì ni àpẹẹrẹ rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù láàárín wa. Ṣúgà kan wà nínú mílíìkì tí ìfun ọmọ ọwọ́ lè dà, ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ti ń dàgbà, agbára náà a máa dín kù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé tí ó padà di Mínísítà fún ètò ìlera ní 1985, wà lára àwọn tí ó ṣe ìwádìí èyí ní Nàìjíríà, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 1971. Wọ́n rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo Yorùbá tí wọ́n yẹ̀ wò ni inú wọn kò da ṣúgà yìí, nígbà tí púpọ̀ nínú àwọn Fúlàní, tí wọ́n ti ń mu wàrà láti ìran dé ìran, ń dà á láìsí wàhálà. Ẹni tí inú rẹ̀ bá ń kùn, tí ó ń ru, tí ó ń ṣu gbuuru lẹ́yìn tí ó mu mílíìkì, kò gbọdọ̀ rò pé ẹnì kan ló fi nǹkan sí i fún òun. Bí Ọlọ́hun ṣe dá ọ̀pọ̀ nínú wa nìyẹn.

Ó ṣe pàtàkì kí a ya méjèèjì sọ́tọ̀, torí pé ìtọ́jú wọn kò bára mu. Ọmọ tí inú rẹ̀ kò da mílíìkì lè mu díẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ, ó sì lè jẹ wàrà tàbí yọ́gọ́ọ̀tì, torí pé ṣúgà náà ti dín kù nínú wọn. Ọmọ tí ó ní àlẹ́jì mílíìkì kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan wàrà rárá, bẹ́ẹ̀ náà ni mílíìkì ewúrẹ́, nítorí wọ́n jọra ju bí a ti rò lọ. Ẹni tí ó bá gbé ìmọ̀ràn ti àkọ́kọ́ fún ọmọ kejì lè pa á.

OHUN TÍ Ó FARA PAMỌ́ SÍNÚ ÌKÒKÒ WA

Tí a bá ní kí ọmọ má jẹ ẹ̀pà, ẹ̀pà tí a fi ojú rí nìkan kọ́. Ẹ̀pà ni kúlíkúlí. Ó wà nínú dọ̀nkúà. Òun ló wà nínú yájì tí wọ́n ń bù sórí súyà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ̀. Àwọn kan ń fi ṣe kúnú. Tom Brown tí a ń rò fún ọmọ tí ó rù sábà máa ń ní ẹ̀pà àti sóyà nínú. Oúnjẹ inú ọ̀rá tí wọ́n ń fún ọmọ tí ebi ti pa jù ní ilé ìwòsàn, ẹ̀pà lílọ̀ àti mílíìkì ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, nítorí náà ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó fún ọmọ. Òróró ẹ̀pà tí wọ́n fún lọ́wọ́ lábúlé ṣì ní ohun tí ó ń fa àlẹ́jì nínú. Èyí tí ilé-iṣẹ́ ńlá ti sẹ́ dáadáa kì í fi bẹ́ẹ̀ ní i, ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ ìyàtọ̀ nínú òróró tí wọ́n ń wọ̀n ní ọjà?

Edé ló le jù ní ilé Yorùbá. Ó wà nínú ẹ̀fọ́ rírò, nínú ẹ̀gúsí, nínú mọ́ínmọ́ín, nínú ìkọ́kọrẹ́ àwọn Ìjẹ̀bú. Àwọn magí kan wà tí wọ́n fi edé sí. Bí a ti wù kí a sè é pẹ́ tó, sísè kò mú ewu rẹ̀ kúrò. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò gba edé sábà kì í gba akàn náà, ṣùgbọ́n ó lè jẹ ẹja, torí pé ìdílé ọ̀tọ̀ ni ẹja. Síbẹ̀, ẹ wo igbá ìyá ẹlẹ́ja ní ọjà: ẹja gbígbẹ àti edé jọ wà lórí igbá kan náà ni. Kí a ra ẹja tútù fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí a yan án nílé.

Ti àlìkámà ń tan ènìyàn jẹ. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé òun ni wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì, pọfpọ́ọ̀fù àti ṣínṣín. Ṣùgbọ́n àlìkámà náà ni sẹ̀mó, òun náà ni índómì. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò gbà á kò tilẹ̀ pàdánù púpọ̀ nílẹ̀ wa, àǹfààní ni Ọlọ́hun ṣe fún wa: ẹ̀bà, iyán, àmàlà iṣu, ẹ̀kọ, ìrẹsì, kò sí àlìkámà nínú ìkankan wọn.

Ẹyin wà nínú kéèkì, ó sì máa ń wà nínú mọ́ínmọ́ín. Mílíìkì wà nínú bísíkíìtì, bọ́tà àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn kòkó alágolo tí ọmọ ń mu láàárọ̀. Ẹ má gbàgbé yànmọ̀tí àti kajú. Tí nǹkan bá wá láti òkè òkun, ẹ ka ara páálí rẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe ní 2004 ti mú un ní dandan kí ilé-iṣẹ́ kọ àwọn oúnjẹ mẹ́jọ tí ó sábà ń fa àlẹ́jì sí ara páálí, wọ́n sì fi yànmọ̀tí ṣe ìkẹsàn-án láti 2023. Èyí tí a bá rà nínú ọ̀rá lásán, tí kò ní àkọlé, kí ọmọ náà má jẹ ẹ́ àfi tí a bá mọ ẹni tí ó ṣe é.

ÌKÒKÒ KAN

Nígbà tí wọ́n bá ti mọ̀ pé ọmọ ní àlẹ́jì, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ni pé kí wọ́n máa se tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwa kò rò pé ọ̀nà tí ó dára jù nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí á rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìgbà Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Nígbà tí āyah inú Sūratun-Nisā’i sọ̀kalẹ̀ lórí ìyà ẹni tí ń jẹ dúkìá ọmọ òrukàn ní ọ̀nà àbòsí, ẹ̀rù ba àwọn Sàábé. Ẹni tí ọmọ òrukàn wà lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya oúnjẹ àti ohun mímu ọmọ náà sọ́tọ̀ kúrò nínú tirẹ̀. Tí ọmọ bá jẹ oúnjẹ kù, wọ́n á gbé e pamọ́ dè é títí yóò fi padà jẹ ẹ́ tàbí kí ó bàjẹ́. Ó ni wọ́n lára, wọ́n sì lọ bá Ànábì. Ìgbà náà ni āyah 220 nínú Sūratul-Baqarah sọ̀kalẹ̀, tí Ọlọ́hun yọ̀ǹda kí wọ́n pa oúnjẹ pọ̀, nítorí pé ọmọ ìyá wọn ni àwọn ọmọ náà. Ibn ‘Abbās ni ó gba ọ̀rọ̀ yìí wá. Tinú rere tinú rere ni àwọn Sàábé fi ya àwo sọ́tọ̀, síbẹ̀ Ọlọ́hun fẹ́ kí ọmọ òrukàn jókòó ti àwọn yòókù.

Yàtọ̀ sí pé àwo ọ̀tọ̀ ń dun ọmọ, kì í ṣe ààbò tí ó dájú. Inú ìkòkò méjì ni ìgbákọ kan ti máa ń bọ́ sí. Òróró tí wọ́n fi dín ẹja ni wọ́n fi ń dín dòdò ọmọ. Ẹni tí ó rẹ̀ láti ọjà á gbàgbé èwo ni ti ta ni. Owó gáàsì tàbí èédú ìkòkò kejì náà ń kọ́? Nítorí náà, ohun tí a ń sọ ni pé kí a yí ìkòkò gbogbo ilé padà, kí ó di èyí tí ọmọ yẹn lè jẹ.

Kò nira tó bí ó ṣe ń dún létí. Tí edé bá ní láti kúrò, irú wà, irú wóró tàbí irú pẹ̀tẹ̀, a ó sì fi ẹran tàbí ẹja yíyan kún un. Mọ́ínmọ́ín kò nílò ẹyin kí ó tó dì. Ẹ̀wà fúnra rẹ̀ ló ń mú un dì, ẹran lílọ̀ sì dùn nínú rẹ̀. Tí súyà bá ń wu àwọn ọmọ, ata gbígbẹ, atalẹ̀, àlùbọ́sà àti iyọ̀ ti tó láti fi yan ẹran nílé láìsí yájì ọjà. Gààrí tí wọ́n ń fi ẹ̀pà mu, kí a fi àgbọn mu ún. Ògì tí wọ́n ń da mílíìkì sí, kí ilé máa fi àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín jẹ ẹ́, bí ìyá wa àgbà ti ń ṣe. Tí àwọn ẹ̀gbọ́n bá jẹ ẹ̀pà níta, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan àbúrò. Omi lásán kì í mú un kúrò tán.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbì kan. Ẹyin, ẹ̀pà, ẹja àti mílíìkì ni ohun tí ń mú ara ọmọ dàgbà tí kò wọ́n jù. Ẹni tí ó bá yọ wọ́n, tí kò fi nǹkan rọ́pò wọn, tí ó wá fi ẹ̀kọ àti gààrí nìkan bọ́ ọmọ, òun náà ti fa àìsàn mìíràn. Ẹ̀wà, ẹ̀gúsí, ẹdọ̀ àti ẹran ni kí a fi dípò, sóyà náà, àfi tí ara rẹ̀ kò bá gba òun pẹ̀lú. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan tí ó ní àlẹ́jì mílíìkì, tí kò sì sí ọmú ìyá, dókítà ni yóò sọ irú mílíìkì tí a ó máa fún un. Omi ògì kì í ṣe mílíìkì.

“DÍẸ̀ KÒ LÈ PA Á”

Gbólóhùn yìí ni a fẹ́ kí ẹ lé jáde kúrò nínú ilé. Àwọn kan gbà pé tí wọ́n bá ń tọ́ ọ sí ọmọ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ara rẹ̀ yóò mọ́ ọn. Àwọn mìíràn ní ọmọ kàn ń ṣe orí kunkun ni, wọ́n á sì lọ ẹ̀pà náà pọ̀ mọ́ ọbẹ̀ láti mọ̀ bóyá irọ́ ló ń pa. Kí ẹnikẹ́ni má dán irú rẹ̀ wò. Ìtọ́jú kan wà lóòótọ́ tí àwọn dókítà fi ń mú ara mọ́ oúnjẹ, ṣùgbọ́n lábẹ́ ojú wọn ni wọ́n ti ń ṣe é, pẹ̀lú oògùn nítòsí. Kì í ṣe iṣẹ́ ilé ìdáná.

Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì ní àlẹ́jì kankan ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nígbà kan, ní nǹkan bí ọdún 2000, àwọn dókítà Amẹ́ríkà ń sọ pé kí ọmọ tí ẹbí rẹ̀ ní àlẹ́jì má jẹ ẹ̀pà títí yóò fi pé ọdún mẹ́ta. Wọ́n ti padà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn. Ìwádìí ńlá kan tí ó jáde láti London ní 2015 fi hàn pé lára àwọn ọmọ tí ewu rẹ̀ pọ̀ fún, àwọn tí wọ́n tètè fún ní ẹ̀pà, láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí mọ́kànlá, kò ní àlẹ́jì rẹ̀ tó àwọn tí wọ́n fi dù. Nítorí náà, kí ìyá má fi ẹ̀rù yọ ẹ̀pà lílọ̀ kúnná tàbí ẹyin sísè kúrò nínú oúnjẹ ọmọ ọwọ́ tí ara rẹ̀ le. Tí ọmọ bá ní èkúrú ara tí ó le, kí ó kọ́kọ́ bi dókítà. Ẹ̀pà wóró kò yẹ ọmọ kékeré rárá, ó lè há a lọ́fun.

Ẹ má sì ṣe fi àbá lásán gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ. Kí a kọ ohun tí ó jẹ, aago tí ó jẹ ẹ́, ohun tí ó tẹ̀lé e, kí a gbé ìwé náà lọ sí ọ́sípítù. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ara wọn kò gba mílíìkì tàbí ẹyin ní kékeré ni ara wọn ń gbà á tí wọ́n bá dàgbà díẹ̀. Ti ẹ̀pà àti edé kì í sábà lọ bẹ́ẹ̀. Dókítà ni yóò sọ ìgbà tí a lè tún dán an wò.

TÍ Ó BÁ ṢẸLẸ̀

Tí ara bá kàn ń yún ọmọ, oògùn ara yíyún tí dókítà ti kọ fún un lè tó, kí a sì máa wò ó. Ṣùgbọ́n tí ohùn rẹ̀ bá yí padà, tí ahọ́n rẹ̀ wú, tí kò lè mí dáadáa, tí ó rọ, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tàbí tí ara rẹ̀ lé tí ó tún ń bì léraléra, ọ́sípítù lójú ẹsẹ̀. Abẹ́rẹ́ adrenaline tí wọ́n ń gún sí ẹ̀gbẹ́ itan ni ó ń gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ là, oògùn ara yíyún kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kí a dúró kí Piriton ṣiṣẹ́ ná, àkókò là ń fi ṣòfò. Kí a dùbúlẹ̀ ọmọ, kí a gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Tí mímí bá ni ín lára, kí ó jókòó. Kí ó má rìn, kí a gbé e. Tí ara rẹ̀ bá sì balẹ̀, kí wọ́n ṣì máa wò ó ní ọ́sípítù fún wákàtí díẹ̀, torí pé ó lè padà wá.

Nílẹ̀ wa, tí ènìyàn bá jẹ ohun tí ó ṣe é, epo pupa ni a máa ń sáré wá, tàbí mílíìkì alágolo, pé kí ó fi pa oró rẹ̀. Epo kì í wo àlẹ́jì, ọmọ tí kò lè mí dáadáa sì lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Tí ó bá wá jẹ́ mílíìkì gan-an ni ara rẹ̀ kò gbà ńkọ́?

SÀRÁÀ ÀTI OÚNJẸ ÌTA

Ọmọ tí ilé ṣọ́ dáadáa ṣì lè bọ́ sínú ewu níta. Sàráà ìsọmọlórúkọ, fídáù, ìṣínu nínú oṣù ààwẹ̀, oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pín. Kí a sọ fún àáfà ilé kéwú, fún olùkọ́ ilé-ìwé, fún ìyá tí ń ta oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà, kí a sọ ọ́ ní gbangba láìtijú. Kí a kọ́ ọmọ náà pé ó lè sọ pé “Ẹ ṣé ma, ara mi kò gbà á”, kí àgbàlagbà má sì fi í ṣe ọ̀rọ̀ àìmoore. Wọ́n gbé aláǹgbá aṣálẹ̀ yíyan síwájú Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) rí, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì ṣàlàyé pé kì í ṣe èèwọ̀, ó kàn jẹ́ ohun tí òun kò fẹ́ ni. Khālid ọmọ Walīd jẹ ẹ́ níṣojú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bá ẹnìkejì jà.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ gbogbo alágbàtọ́ ni pé, nígbà tí ẹ bá ń gba ọmọ, kí ẹ béèrè oúnjẹ rẹ̀ bí ẹ ti ń béèrè ìwé ọjọ́-ìbí rẹ̀. Ẹ bi ìyá àgbà rẹ̀, ẹ bi àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ bi aládùúgbò ìyá rẹ̀ tí ó ti kú, ẹ wo káàdì ọ́sípítù rẹ̀ àtijọ́. Ẹ kọ èsì rẹ̀ sínú fáìlì ọmọ, ẹ lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ara ògiri ilé ìdáná.

Ẹ̀yin tí ẹ ń yọ sàká ìtúnu ààwẹ̀ ní oúnjẹ, ẹ bi ilé tí ẹ fẹ́ gbé e fún kí ẹ tó lọ sí ọjà. Ní ìgbà Ànábì, ohun tí àwọn ará ìlú ń jẹ ni wọ́n fi ń yọ ọ́, ó wà ní dàbínù, ó wà ní ọkà báálì. Ilé tí ọmọ kan kò ti lè jẹ àlìkámà, ìrẹsì tàbí gààrí ni kí ẹ wọ̀n fún wọn, kì í ṣe sẹ̀mó. Tí ẹ bá sì ń di àpò oúnjẹ ọdún, tí ẹ kò tíì mọ ti ilé náà, ẹ má da ẹ̀pà tàbí edé pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn nínú ọ̀rá kan. Ẹ dì wọ́n lọ́tọ̀, kí ẹni tí ó gbà á lè gbé e fún aládùúgbò.